Òmẹ́gà-3 inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ: ohun tí àyẹ̀wò lè sọ, àti ohun tí kò lè sọ

Bí ọmọ kan kò bá lè jókòó sójú kan ní kíláàsì, tí tíṣà ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn lójoojúmọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ pẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ fún ìyá rẹ̀ pé òmẹ́gà-3, irú ọ̀rá kan tó wà lára ẹja, ló dín nínú ọpọlọ ọmọ náà. Àwọn tó ń ta òróró ẹja lórí WhatsApp ń sọ ọ́. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù oògùn náà ń sọ ọ́. Nílẹ̀ òkèèrè, àwọn láàbù kan ń ta àyẹ̀wò tí òbí yóò kán ẹ̀jẹ̀ ọmọ sórí bébà fún, tí yóò fi ránṣẹ́, tí èsì yóò sì padà wá pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ìdajì kejì ló ń gba owó lọ́wọ́ òbí, òun náà ló sì lè mú kí wọ́n fojú fo àrùn kan tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ALD, tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Gbogbo ọ̀rá tí à ń jẹ, ìbáà ṣe epo pupa, òróró ẹ̀pà tàbí ọ̀rá ara ẹja, ásíìdì ọ̀rá ló wà nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù ni ásíìdì ọ̀rá. Òmíràn kúrú, òmíràn gùn. Méjì wà nínú wọn tí ara èèyàn kò lè dá ṣe, àfi kó jẹ wọ́n: linoleic, tó jẹ́ olórí ìdílé òmẹ́gà-6, àti alpha-linolenic, tí wọ́n ń pè ní ALA, olórí ìdílé òmẹ́gà-3. George Burr àti Mildred ìyàwó rẹ̀ ló fi hàn ní Yunifásítì Minnesota lọ́dún 1929 pé eku tí kò rí irú ọ̀rá yìí jẹ kì í dàgbà dáadáa, awọ rẹ̀ a sì máa ṣí. Láti ara àwọn olórí méjèèjì yìí ni ara ti ń fa ẹ̀wọ̀n tó gùn jù wọ́n lọ. Linoleic a di AA, oní kábọ́ọ̀nù 20. ALA a di EPA, oní kábọ́ọ̀nù 20, EPA a sì di DHA, oní 22. Ẹ́ńsáìmù kan náà, ìyẹn èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ara, ni ìdílé méjèèjì ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nítorí náà bí òmẹ́gà-6 bá kún inú ìkòkò, òmẹ́gà-3 kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Lára àgbàlagbà, ALA tó ń di DHA kéré gan-an, ó sábà máa ń dín sí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí ẹja tó ti ní DHA lára tẹ́lẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Bí wọ́n bá fa gbogbo omi inú ọpọlọ gbẹ, ohun tó ju ìdajì lọ nínú èyí tó kù ló jẹ́ ọ̀rá. DHA ló pọ̀ jù nínú òmẹ́gà-3 tó wà níbẹ̀. Inú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló wà, àti inú awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀; òun ló ń jẹ́ kí awọ náà rọ̀. Láti oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oyún títí ọmọ yóò fi tó ọdún méjì ni ọpọlọ ń kó o jọ jù. EPA kì í pọ̀ nínú ọpọlọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ara ń fi ṣe àwọn èròjà tó ń mú ìwúlé rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ó dín lára àwọn ọmọ kan kì í ṣe àhesọ. Lọ́dún 1981, Colquhoun àti Bunday, tí wọ́n ń ran òbí àwọn ọmọ aláìfarabalẹ̀ lọ́wọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé òùngbẹ ń gbẹ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí, awọ wọn sì ń gbẹ. Wọ́n ní ó jọ àmì àìtó ásíìdì ọ̀rá. Ní 1987, Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 48 irú èyí mọ́ ti ọmọ 49 tí kò níṣòro, wọ́n sì rí i pé DHA àti AA dín nínú ti àwọn àkọ́kọ́. Ní 1995, Stevens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà, wọn ti ọmọkùnrin 53 tó ní ADHD, ìyẹn àìsàn àìfarabalẹ̀ àti àìfọkànsí nǹkan, mọ́ ti 43 tí kò ní in. AA, EPA àti DHA ló dín nínú omi ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká dì mú nínú ìwádìí yẹn ni pé nínú àwọn 53, àwọn 21 tí òùngbẹ àti awọ gbígbẹ ti hàn lára wọn ni AA àti DHA wọn lọ sílẹ̀ jù. Ìyẹn ni pé àìsàn tí a ń pe orúkọ kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí bákan náà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn.

Nígbà tí Hawkey àti Nigg kó irú ìwádìí mẹ́sàn-án pọ̀ ní 2014, wọ́n rí i pé òótọ́ ni, òmẹ́gà-3 dín lára àwọn tó ní ADHD. Báwo ló ṣe dín tó? Ẹ mú ọmọ kan láìṣà láàárín àwọn tó ní ADHD, ẹ mú òmíràn láàárín àwọn tí kò ní in, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 100. Bí a bá fi ìyàtọ̀ tí wọ́n rí ṣírò, nǹkan bí ìgbà 62 ni ti ọmọ ADHD yóò jẹ́ èyí tó kéré. Ìgbà 38 yòókù, tirẹ̀ ni yóò pọ̀ jù. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà òmẹ́gà-3 sọ fún òun pé ọmọ òun ní ADHD tàbí kò ní in.

Ìbéèrè míì ni èwo ló ṣáájú èwo. Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè kọ gbogbo oúnjẹ sílẹ̀, kó máa jẹ búrẹ́dì àti Indomie nìkan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ló fa ọ́tísíìmù. Jíìnì, ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, náà wà níbẹ̀. Àwọn jíìnì tí wọ́n ń pè ní FADS1 àti FADS2 ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìran tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún iṣẹ́ àyẹ̀wò jíìnì gbogbo àgbáyé tí wọ́n pè ní HapMap ni Yorùbá, ní Ìbàdàn. Irú jíìnì FADS tó ń yára ṣiṣẹ́ ló kún ara wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní in. Lára àwọn ará Yúróòpù, kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé òmẹ́gà-6 ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wa, AA ni jíìnì yìí ń gbé sókè ju DHA lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ òyìnbó ṣe wá fi wọn ọmọ wa kí ẹ sì gbà pé ó ti tán síbẹ̀.

Nọ́ńbà inú èsì pàápàá, ọ̀nà tó gbà débẹ̀ jìn. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú túùbù tó ní EDTA kó má bàa dì. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i títí omi ẹ̀jẹ̀ yóò fi wà lókè, tí sẹ́ẹ̀lì pupa yóò sì wà nísàlẹ̀. Wọ́n á fi omi oníyọ̀ fọ sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n á wá fi chloroform ìwọ̀n méjì sí methanol ìwọ̀n kan fa ọ̀rá rẹ̀ jáde. Wọ́n á yí ásíìdì ọ̀rá náà padà sí methyl ester, kí ooru lè sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, kó sì gba inú ẹ̀rọ gas chromatograph kọjá. Ásíìdì kọ̀ọ̀kan á jáde lásìkò tirẹ̀, á sì ya òkè ṣóńṣó kan sójú kọ̀ǹpútà. Fífẹ̀ àti gíga òkè náà ni wọ́n ń ṣírò.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ ń sọ ohun tí ọmọ jẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bó bá jẹ sadíìnì lánàá, yóò hàn. Sẹ́ẹ̀lì pupa, tó ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé, ló ń sọ ìtàn oṣù mẹ́ta mẹ́rin. Ìwé èsì tí kò bá sọ èwo ni wọ́n wọ̀n nínú méjèèjì, kò tíì sọ nǹkan kan. Èkejì ni fírísà. Irin inú sẹ́ẹ̀lì pupa ń jẹ DHA àti AA bí ẹ̀jẹ̀ náà bá pẹ́ nínú fírísà oní -20°C. -80°C ló yẹ kó wà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó jẹun kánú lè dé láàbù bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò rí ẹja jẹ rí. Ẹ̀kẹta, ìpín nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ láàbù ń kọ, kì í ṣe iye gan-an. Bí linoleic bá gòkè, ìpín DHA yóò sọ̀kalẹ̀ lórí bébà bó tilẹ̀ jẹ́ pé DHA ọ̀hún kò dín. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ta àyẹ̀wò sì ń tọ́ka sí, pé 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára, pé ohun tí kò tó 4 burú, ọkàn àgbàlagbà ni Harris àti von Schacky torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀ ní 2004. Kò sí òṣùwọ̀n kankan tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí fún ìwà ọmọdé.

Ó wá ku ìbéèrè tó ká òbí lára jù: bí a bá fi òróró ẹja kún un, ṣé ìwà ọmọ yóò yí padà?

Voigt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dáhùn rẹ̀ ní 2001 lọ́nà tó yẹ kí gbogbo wa rántí. Wọ́n fún àwọn ọmọ tó ní ADHD ní DHA 345 mg lójúmọ́ fún oṣù mẹ́rin. DHA inú ẹ̀jẹ̀ gòkè. Ìwà àwọn ọmọ kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n fún ní kápúsù tí kò ní in. Nọ́ńbà yí padà, ọmọ kò yí padà.

Ní 2005, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Durham, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Oxford, mú ìrètí wá. Ọmọ 117 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kò ríṣẹ́ ṣe dáadáa ni wọ́n lò, ní oṣù mẹ́ta, kíkàwé àti sípẹ́lì wọn sì gòkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ wá kò yí padà. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbìyànjú lórí ọmọ 362 ní Oxfordshire, ẹni ọdún 7 sí 9, pẹ̀lú DHA 600 mg lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 16, gbogbo wọn lápapọ̀ kò jèrè nínú ìwé kíkà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nìkan ló dà bíi pé wọ́n gòkè díẹ̀. Ìyẹn jáde ní 2012. Àwọn onímọ̀ kan náà kò fi ẹnu lásán gbà á, wọ́n tún un ṣe lórí irú àwọn ọmọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn nìkan, 376 lápapọ̀. Èsì 2018 ni pé kò sí èrè. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwà yìí gan-an, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ta nǹkan kì í padà lọ dán ìròyìn ayọ̀ ara rẹ̀ wò.

Ibi tí ìlẹ̀kùn ṣì ṣí díẹ̀ sí ni Taiwan. Ní 2019, ìwádìí lórí ọmọ 92 tó ní ADHD lo EPA 1.2 g lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn tí EPA wọn lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni àfiyèsí wọn gòkè nínú ìdánwò kọ̀ǹpútà. Àwọn tí tiwọn ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ kò rí èrè bẹ́ẹ̀. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò bá wúlò lọ́jọ́ iwájú, ọ̀nà ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ 92 kò tó láti fi ṣòfin. Àkójọ tí Cochrane, ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ, gbé jáde ní 2023, tó kó ìdánwò 37 pọ̀, sọ pé lójú òbí tó ń wo ọmọ, àìfarabalẹ̀ àti àìfọkànsí nǹkan kò yàtọ̀ láàárín àwọn tó lo òróró àti àwọn tí kò lò ó. NICE, tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún dókítà pé kí wọ́n má fi í tọ́jú ADHD ọmọdé. Ní ti ọ́tísíìmù, èsì ta ko èsì. Ní ti wárápá, oúnjẹ ketogenic tó kún fún ọ̀rá ń ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ló ń wọ̀n ọ́n ní gíráàmù gíráàmù. Kò bá kápúsù òróró ẹja tan.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kó yí ìgò náà padà kó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Iwájú yóò kọ 1000 mg gàdàgbà. Ẹ̀yìn irú èyí tó wọ́pọ̀ jù yóò sọ pé EPA 180 mg, DHA 120 mg. Ìyẹn 300 péré. 700 yòókù, ọ̀rá ẹja lásán ni. Bí ẹ bá fẹ́ dé ibi tí àwọn ará Taiwan dé, kápúsù 7 lójúmọ́ nìyẹn, ìgò oní 60 kò sì ní pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí yóò fi tán. Ẹ gé kápúsù kan lẹ́nu kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bí ọ̀dà tàbí epo tó ti kan, ó ti bàjẹ́. Ohun tó léwu jù ni kí èèyàn rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kí iye lè pé. Ẹ̀dọ̀ ni fítámì A ń sá pamọ́ sí. Ṣíbí tíì kan òróró ẹ̀dọ̀ ẹja cod tí wọn kò dín fítámì náà kù nínú rẹ̀ lè ní nǹkan bí 1350 máíkírógíráàmù. Ọmọ ọdún 4 sí 8 kò gbọdọ̀ ju 900 lọ lójúmọ́. Bó bá pọ̀ jù lára, orí fífọ́, èébì àti ìpalára ẹ̀dọ̀ ló ń tẹ̀lé e. Èyí tó wà nínú epo pupa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìwọ̀n tí ara bá nílò ló ń yí padà.

Oúnjẹ ló rọrùn jù. Ìwọ̀n tí FAO, àjọ oúnjẹ àgbáyé, gbé kalẹ̀ fún EPA àti DHA pọ̀ ni 100 sí 150 mg lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 2 sí 4, 150 sí 200 fún ọdún 4 sí 6, àti 200 sí 250 fún ọdún 6 sí 10. Ẹja Titus inú fírísà ní nǹkan bí 2 g nínú 100 g. Ègé kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti ju ohun tó nílò lọ. Sadíìnì inú agolo, bí ẹ bá da òróró rẹ̀ nù, ní nǹkan bí 1 g nínú 100 g. Pánlá kò ní ọ̀rá púpọ̀, nítorí náà tirẹ̀ kéré. Àrọ̀ inú odò àfọwọ́ṣe sì dá lórí ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ. Ẹ sè é tàbí kí ẹ yan án. Bí ẹ bá rì í sínú òróró gbígbóná, ọ̀rá ara rẹ̀ á jáde, òróró ẹ̀pà á wọlé, òróró ẹ̀pà kò sì ní òmẹ́gà-3 kankan tó jọjú. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ohun tó bá jẹ ni DHA inú ọmú rẹ̀. Aboyún lè jẹ Titus àti sadíìnì. Ẹja ńláńlá bíi ṣáàkì ló yẹ kó yẹra fún, nítorí mẹ́kúrì.

Àyẹ̀wò ásíìdì ọ̀rá kan wà, tó yàtọ̀ pátápátá sí òmẹ́gà-3, tí nọ́ńbà rẹ̀ lè gba ẹ̀mí là. Nínú òun, àpọ̀jù ni ìṣòro, kì í ṣe àìtó.

Orúkọ àrùn náà ni adrenoleukodystrophy, ALD. Jíìnì ABCD1 ló bàjẹ́, orí krómósómù X ló sì wà, nítorí náà ìyá lè gbé e láìmọ̀, kí ọmọkùnrin rẹ̀ jìyà rẹ̀. Ásíìdì ọ̀rá tó gùn jù, oní kábọ́ọ̀nù 24 àti 26, kì í rí ibi tí ara yóò ti fọ́ ọ, ó ń kó jọ, ìbòrí iṣan inú ọpọlọ a sì máa wó. Nínú ọmọkùnrin tó ní jíìnì náà, ó ju ẹnìkan nínú mẹ́ta lọ tó ń mú ní ọpọlọ nígbà èwe, láàárín ọdún 4 sí 10 ní pàtàkì. Ohun tí ilé kọ́kọ́ ń rí ni ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìwé mọ́. Wọ́n á pè é ní ADHD, wọ́n á fún un ní òróró ẹja, oṣù á máa lọ. Lẹ́yìn náà ni etí á dà bíi pé kò gbọ́, ojú á dà bíi pé kò ríran, ìrìn á bàjẹ́, gìrì á dé. Ẹṣẹ́ adrenal orí kíndìnrín náà lè kú: ó ń rẹ ọmọ, ó ń bì, iyọ̀ ń wù ú jẹ, ara rẹ̀ sì ń dúdú sí i. Lára ọmọ adúláwọ̀, inú ẹ̀rìgì àti ojú ìlà àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ ti wò ó.

Lorenzo Odone, tí wọ́n bí ní 1978, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn tó ní in. Àwọn òbí rẹ̀ ṣe akitiyan títí tí wọ́n fi rí òróró kan, oleic ìwọ̀n mẹ́rin sí erucic ìwọ̀n kan. Òróró náà ń fa kábọ́ọ̀nù 26 inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ dé ibi tó yẹ. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó, kò dá a dúró. Ó jọ ohun tí Voigt rí: nọ́ńbà yí padà, ọmọ kò yí padà. Ohun tó ń dá a dúró ni kí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun nígbà tí àmì kò tíì pọ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú oní-jíìnì kan ní 2022, àmọ́ ìròyìn tó jáde ní 2024 sọ pé nínú ọmọ 67 tí wọ́n dán an wò lára wọn, 7 ti ní àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ nígbà náà. Láti 2016 ni ALD ti wà lára àwọn àrùn tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa yẹ̀ wò lára ọmọ tuntun, nítorí pé àsìkò ni gbogbo rẹ̀.

Àyẹ̀wò náà ń wọn kábọ́ọ̀nù 22, 24 àti 26 nínú omi ẹ̀jẹ̀. Ohun kan wà tó kàn wá tààrà níbí: ẹ̀pà. Àwọn ásíìdì gígùn yìí wà nínú ẹ̀pà, ìwádìí 2012 sì fi hàn pé jíjẹ ẹ̀pà ń gbé wọn sókè nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí kò ní àrùn kankan. Ọmọ tó mu gààrí pẹ̀lú ẹ̀pà, tàbí tó jẹ kúlíkúlí, tí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lè kó ìdààmú bá ìdílé rẹ̀ lásán. Oúnjẹ ketogenic náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹ̀pà tàbí òróró ẹ̀pà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó má jẹun láti alẹ́, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀. Ti obìnrin tó gbé jíìnì náà lè dà bíi pé kò sí nǹkan. Jíìnì gan-an ni kí wọ́n yẹ̀ wò fún un.

Ohun tó ya ọmọ ADHD sọ́tọ̀ sí ọmọ ALD ni ìgbà. Ọmọ ADHD ti ń ta pọ́npọ́n láti kékeré, ó sì ń kọ́ nǹkan tuntun síbẹ̀. Ọmọ ALD ń pàdánù ohun tó ti mọ̀. Bí ọmọkùnrin tó ti ń kàwé dáadáa bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, ẹ má dúró de ìgò kejì. Ẹ sọ fún dókítà pé kó yẹ ásíìdì ọ̀rá gígùn wò, pẹ̀lú cortisol àárọ̀ àti ACTH, àwọn họ́mọ́ọ̀nù tó ń sọ bí ẹṣẹ́ adrenal ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì mú ìwé rẹ̀ ti ọdún tó kọjá àti ti ọdún yìí dání. Ẹ ṣí méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí dókítà wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe rí nígbà náà àti bó ṣe rí nísinsìnyí.